Ìdánwò Tí Mopélọ́lá Fi Ojú Ìlara Ṣe

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ sún mọ́ mi, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ ń múra ìdánwò. Ní ìlú Ìlá Ọ̀ràngún, olùkọ́ kan wà tí ń jẹ́ Mopélọ́lá. Orí rẹ̀ pé, ó sì mọ̀wé. Àmọ́ ó ní àlébù kan: bí ó bá ti rí ohun rere lọ́wọ́ ẹlòmíràn, oúnjẹ kì í dùn lẹ́nu rẹ̀ mọ́.

Òun àti ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kan tí ń jẹ́ Ìbíyẹmí ni wọ́n jọ gboyè àkọ́kọ́, ilé ìwé girama kan náà ni wọ́n sì ti ń kọ́ni. Lọ́dún kan, àwọn méjèèjì fẹ́ ṣe ìdánwò àṣewọlé kí wọ́n lè lọ gba oyè kejì ní yunifásítì. Mopélọ́lá kò tíì lọ́kọ, òun nìkan ló ń dá gbé. Ìbíyẹmí ní tirẹ̀ ti lọ́kọ, ó ti bímọ, ìyá ọkọ rẹ̀ tí àrùn rọpárọsẹ̀ kọlù sì wà lọ́dọ̀ rẹ̀ tí ó ń tọ́jú.

"Níbo ni eléyìí yóò ti ráyè kàwé?" ni Mopélọ́lá ń wí lọ́kàn ara rẹ̀, inú rẹ̀ sì ń dùn.

Òun wá ti ilẹ̀kùn mọ́rí. Kò dáná mọ́, gààrí àti búrẹ́dì ló ń jẹ. Kò kí ará ilé, kò kí aládùúgbò. Lọ́jọ́ kan, ìyá rẹ̀ gbé mọ́ínmọ́ín wá fún un láti Òkè-Ìlá. Inú yàrá ló ti dá a lóhùn: "Màámi, ẹ gbé e síbẹ̀, ẹ máa lọ. Ìwé ni mò ń kà." Màmá gbé abọ́ sílẹ̀, ó sì padà láìfojú kan ọmọ rẹ̀.

Ní ìrọ̀lẹ́ kan, ìṣirò kan rú Mopélọ́lá lójú, ó bá gba ilé Ìbíyẹmí lọ. Ó bá a níbi tí ó ti ń fi òrí wọ́ ẹsẹ̀ ìyá ọkọ rẹ̀. Ìbíyẹmí wo ìṣirò náà, kò tilẹ̀ nu ọwọ́ rẹ̀, ó ṣàlàyé rẹ̀ yékéyéké.

Mopélọ́lá ní, "Ìgbà wo lo tiẹ̀ ń kàwé?"

"Ìdájí ni," ni Ìbíyẹmí dáhùn. "Mo máa ń ka ìwọ̀nba tí orí mi lè gbà. Tí mo bá wá ń fọṣọ tàbí tí mò ń wọ́ ẹsẹ̀ màmá báyìí, màá máa rò ó lọ́kàn. Tílẹ̀ bá ṣú, mo ti sùn."

Ìyá àgbà rẹ́rìn-ín, ó ní, "Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà."

Ẹ̀rín ń pa àwọn yẹn, àmọ́ Mopélọ́lá ká ìwé rẹ̀, ó dìde. Bó ṣe ń lọ sílé ló ń ráhùn: òun tí òun fi gbogbo ayé sílẹ̀, tí òun kò jẹun, tí òun kò sùn, kí ẹni tí ń wọ́ ẹsẹ̀ arúgbó wá máa ṣàlàyé ìṣirò fún òun?

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó tọ ọ̀gá ilé ìwé lọ. Ó ní, "Ọ̀gá, ti ìdíje eré ìdárayá wa tó ń bọ̀ yìí, Ìbíyẹmí ló mọ̀ ọ́n bójú tó jù. Ẹ fi lé e lọ́wọ́." Ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ ni pé kí àyè ìwé kíkà Ìbíyẹmí dí pátápátá.

Ọ̀gá gbà á gbọ́. Láti ọjọ́ náà, ó di pé Ìbíyẹmí ń wà lórí pápá lẹ́yìn iṣẹ́, tí ó ń kọ́ àwọn ọmọ bí wọn yóò ṣe yan àti bí wọn yóò ṣe sáré. Dípò kí Mopélọ́lá máa kàwé, ẹ̀gbẹ́ fèrèsé yàrá àwọn olùkọ́ ló ń dúró sí, tí ó ń wò bóyá ó ti rẹ Ìbíyẹmí. Lọ́jọ́ kan Ìbíyẹmí rí i, ó sáré wá bá a.

"Mopé, ọ̀gá ní ìwọ lo dárúkọ mi. O ṣeun gan-an o! Eré orí pápá yìí ti jẹ́ kí ẹ̀yìn tí ń dùn mí fúyẹ́, mo sì ń sùn dáadáa."



Ọjọ́ ìdánwò pé. Orí kọ̀ǹpútà ni wọ́n ti ń ṣe é, wọ́n sì pín in sí ìpín ìpín. Àga Ìbíyẹmí wà níwájú Mopélọ́lá. Bí Mopélọ́lá bá ka ìbéèrè kan, á gbójú sókè wo ẹni iwájú rẹ̀. Nígbà tó yá, ó rí i tí Ìbíyẹmí gbé ọwọ́ kúrò lórí ẹ̀rọ, tí ó fẹ̀yìn ti àga, tí ó pa ojú dé.

"Ó ti parí! Ó ti ṣáájú mi!" ni Mopélọ́lá wí lọ́kàn ara rẹ̀. Kò ka ìbéèrè mọ́, èyí tí ọwọ́ rẹ̀ bá ṣáà ti bà ló ń mú. Ó sáré tẹ ibi tí ó fi hàn pé ó ti ṣe gbogbo ìdánwò náà tán, ó sì jáde kí Ìbíyẹmí tó dìde.

Ó dúró dè é níta títí. Nígbà tí Ìbíyẹmí jáde, ó bi í pé, "Ṣebí o ti parí tipẹ́, kí lo ṣì ń ṣe níbẹ̀?"

"Parí kẹ̀? Ìpín kan ni mo ṣe tán nígbà yẹn. Wọ́n fún wa láyè ìsinmi kí a tó bọ́ sí òmíràn, mo bá fi sinmi ojú."

Mopélọ́lá jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Nígbà tí èsì jáde, Ìbíyẹmí rọ́wọ́ mú. Mopélọ́lá kò rọ́wọ́ mú, ìkánjú ló sì jẹ́ kó kùnà nínú àwọn ìbéèrè tí ó mọ̀ dájú.

Ẹ̀yin ọmọ mi, kì í ṣe iṣẹ́ ilé ló ń pa ìwé lára, kì í sì í ṣe ìyà tí a fi jẹ ara ẹni ló ń mú ìmọ̀ wá. Ẹ kàwé níwọ̀n, ẹ jẹun, ẹ sùn, ẹ ṣí ilẹ̀kùn fún ìyá yín. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, ẹ má fi ojú tí ẹ ó fi ka ìwé yín máa ṣọ́ ẹlòmíràn. Ẹni tí ń sáré tí kò wo ọ̀nà tirẹ̀, dandan ni kó fẹsẹ̀ kọ.