Àmì Ara Rọ́bà Imú

Nígbà tí rọpárọsẹ̀ kọlu Bàbá Bọ́lárìnwá, àwọn ará àdúgbò gbé e láti Ìbòkun wá sí ọsibítù kan ní Iléṣà, wọ́n sì padà sí oko wọn. Kò lajú, kò fọhùn. Lọ́jọ́ kejì, màmá kan wọlé jẹ́ẹ́, ó jókòó tì í, kò sì kúrò níbẹ̀ mọ́.

"Ìyá, ẹ ṣe aya rere o," ni Nọ́ọ̀sì Raliat wí.

Màmá kàn rẹ́rìn-ín. Kò fẹnu kan orúkọ bàbá náà rí. Àbí ìyàwó tó gbẹ̀kọ́ wo ló ń la orúkọ mọ́ ọkọ lórí? Ta ló fẹ́ bi í?

Rọ́bà tín-ín-rín tó gba imú dé ikùn ni bàbá fi ń jẹ ògì àti mílíìkì. Raliat fi bírò sàmì sí rọ́bà náà létí ihò imú.

"Bí àmì yìí bá sún jáde, rọ́bà ti kúrò nípò nìyẹn. Ẹ̀dọ̀fóró kì í jẹ ògì o, Mà!"

"Mo mọ̀, ọmọ mi. Ẹ jẹ́ kí orí wọn ga sí i."

Lọ́sàn-án, tí ẹbí àwọn aláìsàn yòókù bá gbé kúlà dé, Màmá á kọjú sí ògiri, á máa jẹ búrẹ́dì òun nìkan. Fóònù rẹ̀ kì í dún. Ó ń dun Raliat gan-an.

Lọ́jọ́ kẹwàá, bí oúnjẹ ṣe ń ṣàn lọ, Màmá gbọ́ tí àyà bàbá ń hó rúrú. Ó wo imú rẹ̀. Àmì ti sún jáde tó ìka mẹ́ta.

"Yéè! Ẹ dá oúnjẹ dúró! Ó ti ń lọ sí ẹ̀dọ̀fóró wọn!"

Raliat sáré dé, ó dá a dúró, ó fi ẹ̀rọ fa ọ̀fun bàbá. Ògì ló ń jáde. Dókítà ní díẹ̀ ló kù kí ẹ̀mí bọ́.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, bàbá lajú, wọ́n sì yọ rọ́bà. Raliat fa Màmá lọ́wọ́ wá síwájú rẹ̀, inú rẹ̀ ń dùn ṣìnkìn.

"Bàbá, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ ìyàwó yín. Àwọn ló gbà yín là."

Bàbá wo obìnrin náà títí. "Ìyàwó wo? N kò mọ̀ wọ́n rí."

"Ẹ má bínú," ni Màmá wí, omi ti lé ròrò sójú rẹ̀, "oúnjẹ ló wọ ẹ̀dọ̀fóró ọkọ tèmi ní Òṣogbo lóṣù tó kọjá, nígbà tí mo sùn lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, ilé sì wá dá páropáro jù fún mi."