Adépọ̀jù àti Ẹranko Inú Òkun

Ọkùnrin tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí kò lè sọ nǹkan kan bó ṣe rí. Adépọ̀jù ni orúkọ rẹ̀, ajíhìnrere ni nínú ìjọ kékeré kan tí àwọn ará Nàìjíríà dá sílẹ̀ ní Gardnersville, nílùú Monrovia, lórílẹ̀-èdè Làìbéríà. Bí òjò bá ṣẹ́ wìnnìwìnnì, òun á ní àgbàrá fẹ́ gbé ilé lọ. Bí èèyàn mẹ́ta bá wá sí ìsọjí, òun á ní kò sí àyè ibi tí èèyàn lè gbẹ́sẹ̀ sí. Kì í jalè, kì í ṣe àgbèrè, ó sì fẹ́ràn Ọlọ́run lọ́nà tirẹ̀. Àbùmọ́ ni àìsàn rẹ̀, inú sì ń bí mi títí dòní nígbà tí mo bá rántí ohun tó fi ṣe.

Lọ́dún 1995, nígbà tí ìbọn ogun abẹ́lé ibẹ̀ dákẹ́ díẹ̀, ó ra kásẹ́ẹ̀tì fídíò kan ní Gurley Street. Fíìmù àwọn ará Japan ni, nípa ẹranko ńlá kan tó jáde látinú òkun, tó ga ju ilé alájà mẹ́wàá lọ, tó ń fẹsẹ̀ tẹ ìlú pa. Àwọn tó gbé e jáde lókè òkun ti yọ èdè Japan kúrò, wọ́n ti fi Gẹ̀ẹ́sì rọ́pò rẹ̀, débi pé ẹnu àwọn òṣèré ń lọ sọ́tùn-ún, ọ̀rọ̀ ń lọ sósì. Ẹni tó bá gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì yẹn yóò mọ̀ pé eré lásán ni. Adépọ̀jù náà mọ̀.

Ó pa ohùn fíìmù náà kí ẹnikẹ́ni má bàa gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì yẹn. Lọ́sàn-án ọjọ́ Ìsinmi kan, ó gbé tẹlifíṣọ̀n síwájú ìjọ, ó tan jẹnẹrétọ̀, ó sì di máìkì mú.

"Ẹ wò ó!" ó pariwo. "Ẹranko tí Jòhánù rí nínú Ìfihàn rèé! Ó ti jáde ní Japan. Àwọn oníròyìn ló yà á, ìjọba ló ń fi pa mọ́. Ojú omi ló ń gbà bọ̀ o! Ẹnikẹ́ni tó bá sọ fún yín pé fíìmù ni, kódà kó jẹ́ ará ilé yín, iṣẹ́ èṣù ló ń jẹ́!"

Àwọn obìnrin bú sẹ́kún. Bísọ́lá ìyàwó rẹ̀ wà níwájú, ó gbá Ìyìn, ọmọ wọn kan ṣoṣo, mọ́ àyà. Láti ọjọ́ náà ni ìjọ ti bẹ̀rẹ̀ sí í kún. Àwọn èèyàn ń ti àdúgbò Old Road wá wò ó, Adépọ̀jù sì ń fi kún ìtàn náà lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀.

Níran, sájẹ́ńtì ọmọ Nàìjíríà kan tó bá ECOMOG, àwọn ọmọ ogun tó wá pẹ̀tù sí ìjà, wá, fà á sẹ́yìn ilé.

"Ajíhìnrere, mo ti wo fíìmù yìí ní Kàdúná. Na man wear rubber cloth inside there. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ òótọ́ fún wọn. Ó kéré tán, ẹ sọ fún madam yín."

Adépọ̀jù rẹ́rìn-ín. "Sájẹ́ńtì, ṣé ẹ ò rí i pé wọ́n ń ronú pìwà dà ni? Tó bá yá, màá ṣàlàyé."

Kò ṣàlàyé. Ní oṣù kẹrin ọdún 1996, ìjà bẹ́ sílẹ̀ láàárín ìlú. Wọ́n ń jó ilé, wọ́n ń kó ṣọ́ọ̀bù, àwọn dókítà sá lọ. Ibà ti dá Ìyìn dùbúlẹ̀ lásìkò náà. Níran ló sáré wá sọ fún wọn pé ọkọ̀ ojú omi kan ń kó àwọn ọmọ Nàìjíríà relé, pé dókítà wà nínú rẹ̀, pé òun ti bá wọn gba àyè. Adépọ̀jù gbé ọmọ náà kọ́ èjìká, wọ́n sì gba èbúté lọ, àwọn ará ìjọ tẹ̀ lé wọn. Bí Bísọ́lá ṣe rí òkun, ó rántí ẹranko náà, ó gba ọmọ lọ́wọ́ ọkọ rẹ̀, ó jókòó sílẹ̀.

"Mi ò wọ omi yẹn o."

"Bísọ́lá, fíìmù ni! Èèyàn ló wọ aṣọ rọ́bà!"

"Bàbá Ìyìn, ẹ̀yin lẹ ní bí ará ilé mi bá sọ bẹ́ẹ̀, kí n má gbà."

"Irọ́ ni mo pa! Mo ní irọ́ ni mo pa!"

"Ẹ̀rù ìbọn ló ń bà yín tí ẹ fi ń sọ bẹ́ẹ̀."

Adépọ̀jù fẹ́ já ọmọ gbà, ọmọ figbe ta. Àwọn obìnrin ìjọ yí Bísọ́lá ká, wọ́n ń pariwo ẹ̀jẹ̀ Jésù lé ajíhìnrere wọn lórí. Níran bẹ̀ wọ́n títí, ó sú u. Ọkọ̀ fọn fèrè, ó sì lọ.

Ìyìn kú kí ọ̀sẹ̀ tó parí, lórí ẹní, nínú ilé ìjọsìn. Kò sí dókítà, kò sí oògùn.

Nígbà tí ìlú rọlẹ̀, Bísọ́lá lọ bá Níran. "Sájẹ́ńtì, ẹ bá mi fi fíìmù yẹn sí tẹlifíṣọ̀n. Kí ohùn rẹ̀ wà." Ó dá jókòó, ó wò ó tán. Ó gbọ́ bí àwọn ará Japan ṣe ń fi Gẹ̀ẹ́sì tí kò bá ẹnu wọn mu dápàárá. Nígbà tí orúkọ àwọn tó ṣe é jáde, ó kà á títí dé orúkọ ẹni tó wọ aṣọ ẹranko náà. Adépọ̀jù kúnlẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà, ó ń bẹ̀bẹ̀. Bísọ́lá gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá. Ọkọ̀ ojú omi ló dá wọ̀ padà sí Nàìjíríà.

Lọ́jọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e, Adépọ̀jù dìde níwájú ìjọ, ó jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀ pẹ̀lú omijé. Wọ́n ní ikú ọmọ ló dà á lórí rú. Wọ́n fà á sáàárín, wọ́n gbọ́wọ́ lé e lórí, wọ́n sì ń gbàdúrà kí ẹ̀mí tó ń mú un sẹ́ ẹranko náà jáde kúrò lára rẹ̀.

Ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ nìyí. Irọ́ tí a fi kó èèyàn wá sílé Ọlọ́run, irọ́ ṣì ni. Ẹni tó bá kọ́ àwọn èèyàn pé kí wọ́n máa sá fún òtítọ́ kò ní rí ẹni gba tirẹ̀ gbọ́ lọ́jọ́ tí ẹ̀mí bá so mọ́ ọn. Ìwọ tí o ti bù mọ́ ọ̀rọ̀, má sọ pé tó bá yá. Padà lọ tún un sọ lónìí, kí o sì ti inú ilé rẹ bẹ̀rẹ̀.