Ìjókòó Awakọ̀

"Ẹ kọ́kọ́ tú bátìrì," ni ọ̀gá obìnrin tó ń bójú tó àtúnṣe ọkọ̀ ìjọba ìbílẹ̀ sọ fún mẹkáníìkì tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé wá láti Ẹ̀pẹ́.

Bọ́ọ̀sì tó forí sọ igi lọ́nà Ìbéṣè lọ́sẹ̀ tó kọjá ni wọ́n ń tú palẹ̀, kí wọ́n lè fi ẹ̀yà ara rẹ̀ tún òmíràn ṣe. Awakọ̀ nìkan ló kú. Ọ̀gá àgbà ní kí obìnrin náà lọ sinmi nílé, kò lọ. Ojú rẹ̀ gbẹ, ohùn rẹ̀ sì tutù.

Mẹkáníìkì ò mọ nǹkan kan nípa obìnrin náà. Ó tú bátìrì, ó tú táyà, ó wá yọrí láti ẹnu ọ̀nà awakọ̀.

"Ìjókòó yìí ṣì dáa, mà. Ẹ̀jẹ̀ ara rẹ̀ á ṣeé fọ̀. Ṣé kí n yọ ọ́?"

"Ẹ yọ ọ́."

Ó fi sípánà sí i, ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Wọ́n tì í sẹ́yìn pátápátá. Ọkùnrin yẹn á ga o."

"Ó ga," ni obìnrin náà dáhùn. "Bẹ́ẹ̀dì wa kì í gba ẹsẹ̀ rẹ̀."

Sípánà dúró lọ́wọ́ mẹkáníìkì. Kò lè gbójú sókè.

"Ẹ má dáwọ́ dúró," ni obìnrin náà wí. "Gíábọ́ọ̀sì ṣì kù."