Lórí Afárá Fẹ́nísì

"Ẹ yà mí kí afárá yìí hàn dáadáa o," ni dírẹ́kítọ̀ kan tó ti fẹ̀yìn tì wí. "Gbogbo Festac ló máa rí fọ́tò yìí."

Ìlú Fẹ́nísì ní Ítálì ni wọ́n wà, níbi tí ọkọ̀ ojú omi ti ń gba àárín ilé kọjá bíi kẹ̀kẹ́ Márúwá l'Ágboju. Alàgbà Akínyẹmí, aládùúgbò rẹ̀ tuntun, ló di fóònù mú.

"Ọmọ yín tó ń ṣe lọ́yà nílùú yìí ńkọ́? Ṣé kò ní wá kí wa ni?"

"Fìyìnfólúwa? Iṣẹ́ kóòtù kì í jẹ́ kí ọmọ yẹn mí."

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń ta báàgì lórí afárá náà gbọ́ ohùn yẹn. Ó yíjú, ó sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja láàárín àwọn òyìnbó. Dírẹ́kítọ̀ dá ọmọ rẹ̀ mọ̀ lójú ẹsẹ̀. Ó kọjú sí omi.

"Ọmọ tó lẹ́kọ̀ọ́ rèé!" ni Alàgbà kígbe. "Dìde, ọmọ mi. Ta ni bàbá ẹ?"

Fìyìnfólúwa dìde. Ó wo ẹ̀yìn dírẹ́kítọ̀ títí, bóyá yóò yíjú. Kò yíjú.

"Wọ́n ti kú, sà."

"Háà! Kí Ọlọ́run tẹ́ wọn sáfẹ́fẹ́ rere."

Ohùn dírẹ́kítọ̀ ló kọ́kọ́ jáde: "Àmín o."