Ọkọ̀ Pupa Inú Gáréèjì

“Mọ́mì, ta ló máa jẹ oúnjẹ Bọ̀dá Àlàsánì?”

Hajarat, ọmọ ọdún mẹ́fà, ló béèrè bẹ́ẹ̀ nídìí tábìlì lọ́sàn-án Sátidé. Rahmon, bàbá rẹ̀, ń wo àwo ẹ̀wà tó wà níwájú àga tí ẹnikẹ́ni kò jókòó sí. Làdíátù, ìyá rẹ̀, bu dòdò lé ẹ̀wà náà.

Làdíátù bu àwo kejì kó dọ́gba pẹ̀lú ti àkọ́kọ́, ó gbé e lọ sí gáréèjì. Bó ti ń ṣe láti ọjọ́ tó ti bí Àlàsánì àti Ùsáínì, ìbejì rẹ̀, nìyẹn: a kì í ṣe fún ìbejì kan ká má ṣe fún èkejì. Bó bá ra ṣẹ́ẹ̀tì fún Ùsáínì, ó ti ra ti Àlàsánì. Kò yí i padà, àní lẹ́yìn ọjọ́ òjò kan lọ́dún 1985, tí ìdí ọkọ̀ pupa àwọn ìbejì náà yọ̀ lórí freeway, ọ̀nà márosẹ̀ ìlú òyìnbó tí wọ́n ń gbé, tí àwọn méjèèjì sì wà nínú rẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni àga Àlàsánì ti ṣófo.

Ùsáínì dúró ti ọkọ̀ náà nínú ṣẹ́ẹ̀tì iṣẹ́ rẹ̀ aláwọ̀ búlúù, ó ń wo abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì.

“Ẹ gbé e síbẹ̀, Mọ́mì. Màá jẹ ẹ́ tó bá yá.”

“Àná náà lo sọ bẹ́ẹ̀.”

“Ọkọ̀ yìí ò jẹ́ kébi pa mí.” Ó rẹ́rìn-ín. “Ẹ wò ó, ọkọ̀ mẹ̀kúnnù ni, àmọ́ ó fúyẹ́, táyà ẹ̀yìn ló sì ń tì í. Èmi àti Àlàsánì ti fi kabúrétọ̀ méjì sí i dípò ẹyọ kan, a ti pààrọ̀ sáléńsà. Tí sípíríǹgì tó le bá wọ ẹ̀yìn rẹ̀, ìdí ẹ̀ ò ní yọ̀ mọ́. Ẹ̀yìn rẹ̀ làwọn ọkọ̀ olówó máa máa wò.”

“Mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni wo ẹ̀yìn rẹ.”

“Kabúrétọ̀ kan tó sọnù yẹn ni ò jẹ́ kó dáhùn. Ẹ bá mi wá a.”

Làdíátù fúnra rẹ̀ ló fi sípánà tú kabúrétọ̀ náà, tó rì í mọ́ ìsàlẹ̀ garawa ìrẹsì. Níwọ̀n ìgbà tí ọkọ̀ ò bá lọ, Ùsáínì ò ní kúrò nílé.

Nígbà tó padà wọlé, Rahmon ń wọ bàtà. Rahmon kì í wọ gáréèjì mọ́. Inú oòrùn níta ló ń gbé ọkọ̀ tirẹ̀ sí.

“Olúgbénga mẹkáníìkì máa wá gbé ọkọ̀ yẹn nírọ̀lẹ́ yìí,” ó ní. “Mo ti fún un. Ẹni tí mò ń lọ pàdé ní pápá ọkọ̀ òfurufú ò gbọdọ̀ bá a níbí.”

“Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá Ìbejì.”

“Ìyá Ìbejì, ọkọ̀ yẹn ti gba tiẹ̀ lọ́wọ́ wa. Ṣé kó tún gba èyí tó kù ni?”

Olúgbénga dé nírọ̀lẹ́. Ó dọ̀bálẹ̀ kí Làdíátù, ó yí ọkọ̀ náà po.

“Ẹ̀gbẹ́ èrò nìkan ló rún, mà. Ẹni tó sì fọwọ́ kan ẹ́ńjìnnì yìí mọṣẹ́. Kabúrétọ̀ kan ni mi ò rí.”

“Ẹ sọ fún un kó má tẹ̀ ẹ́ kí ó tó gbóná,” Ùsáínì sọ sétí ìyá rẹ̀.

Làdíátù sọ ọ́.

Olúgbénga rẹ́rìn-ín. “Háà, ẹ̀yin náà ti di mẹkáníìkì, mà.”

Làdíátù fà sẹ́yìn sí kọ̀rọ̀, Ùsáínì sì tẹ̀ lé e.

“Tí mo bá jẹ́ kó gbé e, ṣé wàá bá a lọ?”

“Ibi tó bá wà ni mo wà, Mọ́mì.”

“Kí n wá ṣe báwo?”

“Ẹ ti ṣe tèmi. Ó ku ti Àlàsánì. Ẹ̀yin náà lẹ sọ pé a kì í ṣe fún ọ̀kan ká fi èkejì sílẹ̀.”

Làdíátù lọ sí kíṣìnnì, ó ti ọwọ́ bọ ìrẹsì dé ìgbùnwọ́, ó fi gèlè nu kabúrétọ̀ náà, ó gbé e fún Olúgbénga. Kò pẹ́ púpọ̀ tí ẹ́ńjìnnì fi wúkọ́, tó bú, tí agolo orí pẹpẹ ń gbọ̀n. Ùsáínì ti jókòó sí ẹ̀gbẹ́ èrò. Làdíátù bẹ̀rẹ̀ mọ́ fèrèsé.

“Fi bẹ́líìtì rẹ sí.”

“Mo ti fi sí i, mà,” Olúgbénga dáhùn.

Làdíátù dúró lójú títì títí iná pupa ẹ̀yìn ọkọ̀ náà fi yà síhà freeway. Lẹ́yìn náà ó gbá gáréèjì.

Nígbà tí Rahmon ṣílẹ̀kùn lálẹ́ ọjọ́ náà, Àlàsánì ló tiro wọlé lẹ́yìn rẹ̀, láti Ìlọrin tí wọ́n rán an lọ bá ìyá àgbà nígbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ tó kán jinná, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ó béèrè ibi tí wọ́n sin Ùsáínì sí nígbà tí òun wà ní ọsibítù, ìyá rẹ̀ sì gbé e dìde, ó jókòó tì í títí oorun fi gbé gbogbo ilé lọ.