Oorun Awakọ̀ Tírélà

Dókítà oníṣẹ́ abẹ ọpọlọ kò tíì dé ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì tí Ràdíátù fi ìka lé ètè.

"Ẹ rọra, Dókítà. Bàbá Tinú ṣẹ̀ṣẹ̀ rí oorun sùn ni."

Lánàá ni irin kọ́ńténà bá ọkọ rẹ̀ lórí ní ibùdókọ̀ Coconut, lọ́nà èbúté. Síbẹ̀ ó ń fọhùn, ó tilẹ̀ ń ṣàwàdà pé orí awakọ̀ tírélà le ju irin lọ. Ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ ni àwòrán tí wọ́n fi ẹ̀rọ yà fi hàn nínú agbárí rẹ̀. Dókítà rò ó títí, ó pinnu pé kò tíì di ohun tí à ń la orí fún. Ó ní kí aláìsàn sinmi. Ó sì pàṣẹ fún nọ́ọ̀sì pé kí ó máa jí i ní wákàtí kọ̀ọ̀kan. Bí kò bá tètè jí, kí ó pe òun kíá fún iṣẹ́ abẹ.

Kò sí ẹni tó pè é.

"Nọ́ọ̀sì dà?"

"Ẹ bá mi kìlọ̀ fún nọ́ọ̀sì yẹn o! Láti Àlàmísì ni Bàbá Tinú ti wà lórí ìlà tírélà tó fẹ́ wọ èbúté, wọn ò fojú kan oorun. Ó tún ń wá jí wọn! Mo ní ẹ̀yin lẹ ní kí wọ́n sinmi. Mo lé e lọ." Ó rẹ́rìn-ín. "Ẹ gbọ́ bí wọ́n ṣe ń hanrun."

Dókítà ṣí ìpéǹpéjú ọkùnrin náà, ó tan iná sí i. Ọmọlójú méjèèjì ti fẹ̀, wọn kò sì súnkì. Ẹ̀jẹ̀ inú agbárí ti ba ọpọlọ jẹ́; iṣẹ́ abẹ kò wúlò mọ́.

Ràdíátù ń fi abẹ̀bẹ̀ fẹ́ ọkọ rẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, Dókítà," ó rọra wí, "ẹ má jẹ́ kí iná yẹn jí wọn."