Eré Obì ní Kíláàsì Àgbà

Kábà, ọdún 1955. Ìrọ̀lẹ́ ti lẹ́, àwọn àgbà tó ń kọ́ ìwé kíkà ti pé.

"Májẹ̀mú tí a dá lójú ẹlẹ́rìí kò ní ìyípadà."

Bàbá Ọlábímtán kà á, ó tún un kà. "Tíṣà, ẹnu mi kà á, àmọ́ kò yé mi."

Tíṣà Priscilla pàtẹ́wọ́. "Ẹ jẹ́ ká fi ṣeré! Bàbá, ẹ̀yin ni bàbá ìyàwó. Adédùntán, ìwọ ni ìyàwó. Gbádéyan, ọkọ!"

Adédùntán kúnlẹ̀. Ẹ̀rín ń gbọ̀n ọ́n. Tíṣà ṣẹ́jú sí i.

Gbádéyan dọ̀bálẹ̀ gbalaja. "Okun o, Bàbá, mo kí yín o. Ọmọ yín ni mo wá tọrọ."

"Mi ò lọ́mọ fún ọ!" Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín.

"Bàbá, kí ìwé yìí lè yé yín, ẹ gbà o!" ni Tíṣà wí.

"Ó dáa, eré náà ni." Bàbá gbàdúrà gígùn sórí obì tí Tíṣà gbé kalẹ̀, ó là á, ó sọ awẹ́ kan sẹ́nu. "Mo fi í fún ọ!"

"Àmín!" Ohùn aya Bàbá, tó jókòó lẹ́yìn, ló ga jù.

Ibẹ̀ ni Bàbá ti dá jíjẹ obì náà dúró.

Ó wo Gbádéyan, ẹni tí òun fúnra rẹ̀ lé kúrò lẹ́nu ọ̀nà nígbà iṣu tuntun, nígbà tó wá tọrọ ìyàwó.

Ó wo Adédùntán, ọmọ bíbí inú rẹ̀.

Ó wo gbogbo ẹlẹ́rìí tó kún kíláàsì. A kì í tu obì tí a ti gbàdúrà sí dànù.

Ó rọra jẹ ẹ́, ó gbé e mì.

"Tíṣà," ló wí, "ó ti wá yé mi wàyí."